Ìpadàbọ̀ Bisádà sí Ọ̀nà Kòtò Òkúta

Kí n tó di ìyàwó àlùfáà rárá ni mo ti mọ Bisádà. Ilé bàbá rẹ̀ àti ilé bàbá mi kọjú síra ní Nasilẹ́tì, abúlé wa tó wà ní òdìkejì odò Náílì sí ìlú Míníà, níbi tí oko ti ń tán tí òkè funfun sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni. Kó tó wọlé tọ̀ yín, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta.

Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin wa ń ṣe lòun náà ṣe. Ó gòkè lọ sí kòtò òkúta, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gé òkúta funfun bí ẹni ń gé wàrà. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dára nídìí ọkọ̀, ló bá fa píkọ́ọ̀pù kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa fi kó àwọn òṣìṣẹ́ gòkè láàárọ̀, kó sì máa fi kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án.

Labíbù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ Galílà ni Labíbù, opó kan ládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Labíbù. Ọmọ mẹ́ta ló bí: Dímyánà tó jẹ́ obìnrin ni àgbà, Labíbù tẹ̀lé e, Nasífù sì ni àbíkẹ́yìn. Labíbù fúnra rẹ̀ ló bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọrọ ìyàwó. Ó wí fún ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ fún Bisádà ní Dímyánà o. Bí ẹ kò bá fún un, èmi ni màá máa gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú ọkọ̀ láràárọ̀.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, Àbúnà Bisentí, bí a ti ń pe àlùfáà wa, ló so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Mohráìlì.

Iṣẹ́ òkúta ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Eruku rẹ̀ ń wọ àyà, ẹ̀yìn ń roni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ibẹ̀ sì ń gbé oògùn ìrora tàrámádò mì kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọjọ́ náà parí. Bisádà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì hóró. Nígbà tó yá, kò lè jókòó sídìí ọkọ̀ láìlò ó. Dímyánà wá sunkún lọ́dọ̀ mi pé òun ń rí oògùn nínú bàtà ọkọ òun. Labíbù bá a jà, ó tún bẹ̀ ẹ́. Bisádà á ní òun ti fi sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ á tún pọ́n bí ata.

Nínú ààwẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ìbí Olúwa ni ó ṣẹlẹ̀. Bisádà ti kó àwọn òṣìṣẹ́ yòókù gòkè, ó wá padà wá gbé Labíbù, nítorí ara ìyá rẹ̀ kò yá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì dúró tì í. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yí orígun òkúta ńlá kan ká, ọkọ̀ yọ̀ kúrò lọ́nà, ó sì takìtì. Àwọn tó wà ní kòtò òkúta retí ọkọ̀ náà títí kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Kí wọ́n tó débẹ̀, Labíbù ti kú sábẹ́ ọkọ̀. Wọn kò rí awakọ̀.

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá mú Bisádà ní ibùdókọ̀ ojú irin, orí rẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ní kóòtù, ó jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Ó ní òun dákú, nígbà tí òun sì lajú, Labíbù ti kú, ìbẹ̀rù ló lé òun sá. Adájọ́ rí àpá orí rẹ̀, ó gbà á gbọ́. Àwa náà gbà á gbọ́. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n.

Dímyánà kó ọmọ rẹ̀ padà sílé ìyá rẹ̀. Ìgbéyàwó kì í déédéé tú nínú ìjọ tiwa, nítorí náà ó di ẹni tí kì í ṣe abilékọ, tí kì í sì í ṣe opó. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Nasífù ti gbé ọwọ́ lé pósí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó búra pé ọjọ́ tí Bisádà bá fẹsẹ̀ tẹ Nasilẹ́tì ni òun yóò rán an lọ bá ẹni tó pa. Ìyá rẹ̀ gbọ́, kò sì bá a wí. Kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí a bá ń ka Àdúrà Olúwa, tí a bá dé ibi tí a ti ń ní kí Ó dárí jì wá bí àwa náà ti ń dárí jini, ètè obìnrin yẹn á pa dé pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Mo máa ń rí i.

Nígbà tí Bisádà jáde lẹ́wọ̀n, kò padà wálé. Káírò ló gbà lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìgbà yẹn, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń ru ẹrù ní ọjà ẹ̀fọ́, ó ń sùn sábẹ́ ọmọlanke, gbogbo ohun tó bá rí, oògùn ló ń fi í rà. Ó ní oògùn náà kò dùn mọ́ òun lára mọ́, pé òun kàn ń lò ó kí etí òun lè dákẹ́ ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ bo àyà rẹ̀. Ó ní ọmọ ìjọ wa kan rí òun níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó ju búrẹ́dì sí òun láìwo ojú òun, òun sì bá ajá du ú.

Àgbélébùú tí wọ́n fín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti kékeré, bí wọ́n ti fín in sí ti gbogbo wa, kò jẹ́ kó sinmi. Bó bá nawọ́ gba oògùn, yóò rí i. Bó bá nawọ́ jalè, yóò rí i. Lọ́jọ́ kan lọ́sàn-án gangan, ó wá ásíìdì tí wọ́n fi ń la gọ́tà, ó sì dà á sórí àgbélébùú náà.

Ó sọ fún mi pé, “Tásónì, mi ò bínú sí Ọlọ́run o. Ojú ló ń tì mí. Mo ní bí mo bá kú sí títì, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ilé tí mo ti wá.” Tásónì ni wọ́n ń pe ìyàwó àlùfáà lọ́dọ̀ wa.

Ọwọ́ náà wú, ó ń rùn. Ibà gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́nu ọjà, àwọn ènìyàn sì ń fo ó kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo tó dúró ni Àlàájì Metwálì, bàbá Mùsùlùmí kan tó ń ta ẹ̀wà fúùlù níbẹ̀. Ó gbé e lọ sí ọsibítù. Nínú ibà yẹn, orúkọ ọkọ mi àti orúkọ abúlé wa ni Bisádà ń pè ṣáá, ni bàbá yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń béèrè títí ó fi rí nọ́ńbà wa gbà.

Èmi ni mo gbé fóònù. Ohùn kan ní, “Ṣé ilé Àbúnà Bisentí nìyẹn? Ọmọ yín kan wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí. Ẹ wá mú un o, kí n ráyè ta ẹ̀wà mi.”

Ọkọ mi kò bi mí bóyá kí òun lọ. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Ó gbé e dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìborùn dúdú bò ó lórí bí ìyá arúgbó tó ń ṣàìsàn. A tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí oògùn ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe é sọ: ó ń gbọ̀n, ó ń bì, ó ń gé ìrọ̀rí jẹ kí àwọn ará ilé kejì má bàa gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń dá a dúró.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ọkọ mi wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi jáde, ojú rẹ̀ ti funfun. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án.

Mo ní, “Kí ló sọ fún ọ?”

Ó wò mí. “Ṣé o fẹ́ kí n di ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́jọ́ ogbó mi ni?”

Àlùfáà kì í sọ ohun tí wọ́n bá jẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti rí i kó jẹun yó mọ́.

Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú. Ìyá Labíbù wá yá ajọ̀ ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a ń sọ̀rọ̀ tútù, ni ẹnì kan bá wúkọ́ ní yàrá ẹ̀yìn.

“Ta nìyẹn?”

“Àlejò Àbúnà ni, Ìyá Labíbù.”

Ó ń tẹ́tí. Ikọ́ náà tún dún, gbígbẹ, bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo wa ní Nasilẹ́tì la mọ irú ikọ́ yẹn.

Ó ní, “Àlejò tó jẹ eruku òkúta yó,” ó sì gbé ajọ̀ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Tásónì, mo ti ń bá ẹ jẹun láti ìgbà tí o wà lọ́mọge. Kò yẹ kó jẹ́ etí mi ni màá fi mọ̀.” Ó bá jáde lọ.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìta bọ̀ nígbà tí Nasífù dé. Ìbọn ilé wọn ló gbé lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú láti orí òrùlé. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì kan férémù.

“Àbúnà, ẹ yà fún mi.”

“Mi ò yà.”

“Ẹ̀yin lẹ sin ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ yín yìí lẹ fi da yẹ̀pẹ̀ sí i lórí! Ẹ sì tún gbé ẹni tó pa á wálé, ẹ ń fún un lọ́bẹ̀ jẹ?”

“Mò ń fún un. Ìwọ náà wọlé wá jẹ, ṣùgbọ́n gbé ìbọn yẹn síta.”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o!” Ó wá pariwo kọjá orí ọkọ mi, “Bisádà! Ìwọ ojo! Jáde síta! Àbí abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì Tásónì lo sá sí?”

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ń dún. Mo sáré débẹ̀, mo fi ẹ̀yìn tì í. Láti inú, Bisádà ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n jáde, Tásónì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí.” Kì í ṣe ìbínú ló wà ní ohùn rẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ omi.

Ohùn Ìyá Labíbù la gbọ́ lẹ́yìn náà, ní òpópónà. Kò pariwo.

“Nasífù. Ṣé nínú ilé àlùfáà lo fẹ́ yìnbọn?”

“Màmá, ẹ padà sílé.”

“Ìwọ ló ń padà sílé.” Ó dúró níwájú ọkọ mi. “Àbúnà, ẹ sọ fún un kó wá bá mi nílé mi lọ́la lẹ́yìn ìsìn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kó sì gbé aṣọ òkú rẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é.”

Ọkọ mi ní, “Bó bá wá, ṣé ìwọ yóò gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wá.”

Gbogbo wa mọ ohun tí àṣà yẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ á gbé aṣọ òkú ara rẹ̀ wá fún àwọn ẹbí olóògbé ní gbangba. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó wà láàyè. Wọ́n sì lè fi sin ín.

Ọkọ mi gba Bisádà nímọ̀ràn lọ́jọ́ yẹn pé ó lè padà sí Káírò kí ilẹ̀ tó ṣú, pé òun á wá ọkọ̀ fún un. Bisádà mi orí. “Àbúnà, mo ti sá rí.”

Ní ọjọ́ kejì, ó rin òpópónà Nasilẹ́tì láìwọ bàtà, aṣọ funfun náà lórí apá rẹ̀ méjèèjì bí ọmọ tuntun. Ọkọ mi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, èmi ń tẹ̀lé wọn. Àwọn ènìyàn kún orí òrùlé. Obìnrin kan pariwo pé, “Wo ẹsẹ̀ ẹ! Ẹsẹ̀ tó mọ sísá nìyẹn!” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ wò ó bó ṣe gbẹ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ ọ kí wọ́n tó pa á.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bisádà kò gbé ojú sókè.

Nínú àgbàlá ilé Ìyá Labíbù, obìnrin náà jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Dímyánà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó mú aṣọ dúdú bojú dé imú. Nasífù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìbọn. Bisádà kúnlẹ̀. Ìyá Labíbù na ọwọ́ jáde, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí, nítorí ó jọ pé ó fẹ́ gba aṣọ náà.

Bisádà fà á sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ ní kóòtù.”

Ọkọ mi di ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí kò fi rí oúnjẹ jẹ.

“Mi ò dákú. Labíbù kò sì kú lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, ‘Bisádà, bá mi gbé e.’ Mo fi èjìká tì í, kò mira. Àwọn tó wà ní kòtò òkúta kò jìnnà. Bí mo bá sáré lọ bá wọn, wọn ì bá tètè dé. Mo rántí oògùn tó wà lápò mi, mo rántí ẹ̀wọ̀n, mo sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ sá. Ó rí i pé mò ń lọ. Ó ń pè mí. Títí mo fi yí orígun yẹn kọjá, ó ń pe orúkọ mi.”

Dímyánà ló kọ́kọ́ ké, igbe tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ nígbà ìsìnkú pàápàá. Gbogbo àgbàlá dàrú. Nasífù ti àwọn ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ẹnu ìbọn sí orí Bisádà. Ọkọ mi kó sí àárín wọn.

“Àbúnà, ẹ kúrò níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí yín láṣọ.”

“Nasífù, sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Màmá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

“Etí mi kò di. Èmi ni mo bí Labíbù, kì í ṣe ìwọ.” Ó dìde lórí àpótí. Ó wí fún Bisádà pé, “Dìde. Mú mi lọ síbẹ̀.”

Ọkọ̀ ẹlẹ́rù aládùúgbò kan la wọ̀. Nasífù ló wà á, ìyá rẹ̀ jókòó tì í níwájú, ìbọn sì wà láàárín wọn. Bisádà, ọkọ mi, Dímyánà àti èmi wà lẹ́yìn. Oòrùn mú, òkè funfun ń ta sí wa lójú. Dímyánà kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tí a dé orígun òkúta ńlá náà, Bisádà sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tí ásíìdì jó tọ́ka sí ojú ibẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àfi àfọ́kù gíláàsì díẹ̀ nínú yanrìn.

Ìyá Labíbù ní, “Dùbúlẹ̀ bó ṣe dùbúlẹ̀.”

Ó dùbúlẹ̀, ó sì kọ orí síbi tí Labíbù kọ orí sí.

“Bó ṣe ń pè ọ́, pè mí bẹ́ẹ̀. Má ṣe pè mí ní Màmá. Orúkọ mi ni kí o pè.” Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Nasífù, dúró tì í. Bí mo bá yí orígun yẹn tí mi ò sì padà, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe.”

Ọkọ mi kígbe pé, “Galílà! Ọlọ́run ń wò ọ́ o!”

“Kó máa wò. Ó wò lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Obìnrin tó ti dàgbà ni, orúnkún ń dùn ún, ó ń fi ọwọ́ ti ògiri òkè. Bisádà kò lè pè é lákọ̀ọ́kọ́.

“Pè mí!”

“Galílà,” ló wí. Lẹ́yìn náà ó tún pè é, ó sókè díẹ̀. “Galílà!”

Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ. Ohùn Bisádà wá yí padà. N kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ́. Gbogbo ohun tó ti ń gbọ́ ní etí rẹ̀ láti ọdún yẹn wá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìrora àti ìyàlẹ́nu ẹni tí kò lè gbà pé ọ̀rẹ́ òun ń lọ lóòótọ́. Dímyánà fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọkọ mi ti wólẹ̀ lórí òkúta, ó ń wí pé, “Olúwa, ṣàánú, Olúwa, ṣàánú.”

Ìyá Labíbù dé orígun náà. Ó yí i. Aṣọ dúdú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn òkúta, a kò rí i mọ́.

Nasífù gbé ìbọn sókè.

Bisádà dákẹ́. Ó wò ó láti ilẹ̀, ó ní, “Má wo ojú mi, Nasífù. Bí o bá wo ojú mi, kò ní tán lára ẹ láéláé. Mo mọ̀ ọ́n.”

Mo rí ìka Nasífù lórí ìbọn. Mo rí òógùn tó ń sàn lọ́rùn rẹ̀. A gbọ́ ìró òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn.

“Mò ń bọ̀! Mò ń bọ̀, ọmọ mi! Mò ń bọ̀!”

Ó ti ń sáré. Obìnrin tí kì í lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìsinmi, ó ń sáré bọ̀ lójú òkè, gèlè rẹ̀ ti já bọ́, irun funfun rẹ̀ ń fò. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ń bọ̀. Ó ti ọmọ rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bisádà, ó sì gbé orí rẹ̀ lé itan.

“Mi ò lè lọ,” ló ń sọ. “Ẹni tó bá ń pè mí báyìí, mi ò lè fi í sílẹ̀ lọ. Ọlọ́run, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Wọ́n sunkún níbẹ̀, àwọn méjèèjì, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Nígbà tó yá, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀, ó nu ti Bisádà náà.

“Mo ti dárí jì ọ́. Má bi mí bóyá ó ti tán nínú mi, kò tíì tán. Mo lè jí lọ́la kí n tún gégùn-ún fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ báyìí níwájú àlùfáà, màá sì máa tún un sọ títí inú mi á fi gbọ́ ọ.” Ó gbé ojú sókè. “Nasífù, wá bá mi gbé e dìde.”

Nasífù ju ìbọn náà sí ìsàlẹ̀ òkè, ó yíjú, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Dímyánà ló wá. Kò wo ojú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú apá rẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ mú ìkejì. Ọkọ mi ló wa ọkọ̀ padà, àṣìwà gbáà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sójú ọ̀nà kan náà.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára lọ́jọ́ kan. Ìyá Labíbù ṣe bó ṣe wí. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa bá Bisádà pàdé lọ́nà tí yóò kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kò rí i, á wá padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á ní, “Mo dárí jì ọ́, àti ti òní náà,” á sì bá tirẹ̀ lọ. Bisádà ń gbé ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi gbé ààwẹ̀ àti àdúrà lé e lọ́wọ́, ó sì dúró títí di ọdún Àjíǹde kó tó fún un ní Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Olúwa. Lọ́jọ́ yẹn, Bisádà fà sẹ́yìn níwájú pẹpẹ. Ó ní, “Àbúnà, ṣé ẹnu mi yìí náà?” Ọkọ mi ní, “Lanu, jàre. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ náà kì í ṣe áńgẹ́lì.” Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Bisádà sunkún títí ìsìn fi parí.

Kò wakọ̀ mọ́. Iṣẹ́ oko ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ kòtò òkúta kan bá fẹ́ fi oògùn sílẹ̀, Bisádà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Yóò lọ jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ gbígbọ̀n yẹn, yóò máa nu èébì rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ bó ti wù kí ẹni náà bú u tó. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé bí ọkọ òun bá ti pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun, kó tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, Bisádà á ti dáhùn.

Mohráìlì ló kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ, ó ní ọmọ náà ń da ọbẹ̀ nù lọ́nà. Ọdún kan kọjá kí Dímyánà tó kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ló yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó ní, “Tásónì, àárẹ̀ mú mi láti máa kọ ẹ̀yìn sí i.”

Nasífù nìkan ló kù. Kò bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á tutọ́ sílẹ̀. Bisádà kò bẹ̀ ẹ́, kò sì sá fún un. Nígbà tí Nasífù fẹ́ gbé ìyàwó, tí wọ́n ń to àga sí àgbàlá, Bisádà jókòó sílé rẹ̀ ní tirẹ̀ kó má bàa ba inú ọkọ ìyàwó jẹ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń bá Dímyánà ṣa ìrẹsì. Ni a bá rí Nasífù lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìgbéyàwó tuntun lọ́rùn rẹ̀, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

Ó wo Bisádà láti òkè délẹ̀.

“Ṣé ìwọ nìyàwó ni, tí o fi jókòó sílé tí o ń dúró kí wọ́n wá gbé ẹ? Àga ń bẹ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá mi gbé e. Dìde, jàre. Èmi kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn.”

Bisádà dìde. Ó wá bàtà rẹ̀, kò rí i, ó sì bá a lọ bẹ́ẹ̀.